Wákàtí Kan Sí Àbújá

Bí ẹnì kan bá tún bi mí pé wákàtí mélòó ni bàálù ń lò láti Èkó dé Àbújá, ó ṣeé ṣe kí n bú sẹ́kún. Láti ìgbà tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìbéèrè yìí ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu oníbàárà. Wákàtí kan ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ yìí ti kó bá mi ju irọ́ lọ. Àwọn èèyàn wa á gbọ́ wákàtí kan, wọ́n á wá máa ṣe bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé wọn ni bàálù ti ń gbéra.

Ìyá Tọ́lá ló jẹ́ kó sú mi pátápátá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ará Ìmùṣin. Tọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, fẹ́ ṣègbéyàwó ní Àbújá lọ́sàn-án Sátidé. Bàbá ọmọ ti kú, màmá yìí ló sì máa mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ra ti ọjọ́ Jímọ̀ fún wọn.

"Kí ni mo fẹ́ lọ sùn ṣe níbẹ̀? Ṣebí wákàtí kan lo sọ."

"Wákàtí kan lójú òfurufú ni, Màmá. Ẹ ò tíì ka ọ̀nà Èkó mọ́ ọn, ẹ ò ka ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò. Ẹ kúrò nílé kílẹ̀ tó mọ́ o."

"Mo ti gbọ́."

Wọn ò gbọ́. Nígbà tí mo pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo rò pé wọ́n á ti wà ní pápákọ̀ òfurufú. Ìbefun ni wọ́n ṣì wà. Nínú ẹbí wọn, ẹnikẹ́ni kì í wọ bàálù láìkọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin àgbà tó ń gbé ní Ìbefun, láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, kí bàbá yìí gbàdúrà fún un. Mo ń gbọ́ ohùn bàbá lórí fóònù. Àwọn ọmọ ẹbí tó wà lókè òkun ló ṣì ń dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò tíì kan ìrìn àjò rárá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Bùnmi, àdúrà là ń gbà," wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n sì pa fóònù.

Bàálù lọ. Tọ́lá pè mí, ó ń sunkún pé òun ò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì láìsí màmá òun. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Mo wá àyè fún màmá nínú bàálù mìíràn, ṣùgbọ́n àlùfáà ò lè dúró de màmá, torí ìgbéyàwó ẹlòmíì ń dúró dè é lẹ́yìn ti Tọ́lá. Aládùúgbò kan ló mú Tọ́lá wọlé. Nígbà tí màmá dé, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti pàdé ọmọ wọn, ó ti di ìyàwó.

Lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé, wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"O ò parọ́ o, Bùnmi. Mo wo aago mi nínú bàálù. Wákàtí kan náà ni."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó, omi sì lé sójú wọn.

"Ṣùgbọ́n mi ò mú ọmọ mi wọlé."



Bí ẹ bá wá ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ mi báyìí, mi ò ní kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Màá bi yín pé ta ló máa gbàdúrà fún yín, àti bóyá ó lè gbà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.