Noaga, Ẹni Tí Àwọn Awakọ̀ Kaya Ń Gbọ́ Tirẹ̀

Láti Kaya títí dé Dori, kò sí awakọ̀ tó jẹ́ ṣáná sí ọkọ̀ kí Noaga tó fọhùn. Gómìnà lè sọ pé ọ̀nà dára, wọn á máa rọra mu tíì wọn. Ṣùgbọ́n bí Noaga bá ti kọ "Ẹ máa lọ" sórí Wásáàpù ẹgbẹ́ awakọ̀, atẹ́gùn tí àwọn tírélà fi ń gbéra lè ṣí òrùlé ilé. Ìjàǹbá ọkọ̀ ti gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò ní gáréèjì, ó ń pe àwọn ará abúlé ẹ̀bá ọ̀nà láràárọ̀ bóyá wọ́n rí olè. Ohun tí wọ́n bá sọ ló ń kọ. Kouka, àbúrò rẹ̀ tó ń wa tírélà, kì í tilẹ̀ bi ẹlòmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, fóònù rẹ̀ dún.

"Ìwọ Moosi olórí kodoro yìí, ẹrú bàbá mi, o ò tíì kú?"

Noaga bú sẹ́rìn-ín. Ta ni ì bá jẹ́ bí kò ṣe ọmọ Samo? Láti ayé àwọn bàbá ńlá ni ẹ̀yà Moosi, ẹ̀yà Noaga, àti ẹ̀yà Samo ti ń fi èébú kí ara wọn. Moosi tó bá bínú ti tẹ́. Èyí tó bá fi nǹkan kékeré du Samo tún tẹ́ jù ú lọ.

"Ajẹ-orí-ajá! Ajá ta lẹ jẹ lónìí?"

"Tìẹ ni. Ó yi bí ẹran ara ẹ. Gbọ́, ẹrú, nọ́ńbà kan tó yẹ kó wọ fóònù mi ló ṣìnà wọ tìẹ. Kà á fún olówó ẹ."

"Ṣé Samo mọ nọ́ńbà ni?"

Ẹ̀rín ń pa Noaga débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Kọ́kọ́rọ́ Wásáàpù rẹ̀ ló gbé fún un yẹn. Kó tó nu ojú tán, àlejò ti wọlé, ó ti onílé síta. Wásáàpù ò ṣí fún Noaga mọ́, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tí Sidnoma awakọ̀ dé.

"Bàbá Noaga, ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ kí lẹ ń fi ẹrù tá a kó ṣe lónìí? Ṣé ẹ ti di kọ́sítọ́ọ̀mù ni?"

"Ẹrù wo?"

Sidnoma na fóònù sí i. Àwòrán Noaga rèé, orúkọ Noaga rèé: "Ọ̀nà dára. Kí lo kó? Ibo lo dé?" Kouka ti dáhùn nísàlẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ìrẹsì ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá afárá. Èmi nìkan ni."

"Èmi kọ́ o! Sidnoma, kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi kọ́!"

Sidnoma kọ ọ́. Kíá ni Noaga inú fóònù fèsì: "Ẹ má dá ọ̀mùtí yẹn lóhùn." Àwọn awakọ̀ fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Noaga pe Kouka. Fóònù dún títí. Ó tún un pè. Ẹnìkan gbé e, kò sọ̀rọ̀, ó sì pa á.

Lálẹ́ ni àwọn ará abúlé gbé òkú Kouka wọlé. Wọn ò rí tírélà.

Talato, ìyàwó Kouka, kò ké. Ó wá jókòó síwájú Noaga láàárín àwọn awakọ̀ tó kún àgbàlá.

"Ó pè mí lójú ọ̀nà. Ó ní Ẹ̀gbọ́n ti sọ pé ọ̀nà dára. Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Èmi kọ́. Olè ló gba orúkọ mi."

"Ó já a gbà mọ́ yín lọ́wọ́ ni?"

Ká ní Noaga ní bẹ́ẹ̀ ni, ta ni ì bá mọ̀?

"Mo kà á fún un ni," ó ní. "Mo ń rẹ́rìn-ín."

Talato dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn awakọ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì kí i.