Àyè Tí Màmá Mi Fún Mi Lẹ́nu Géètì

Mo rántí ìgbà tí àyà mi máa ń ṣàdédé já nírọ̀lẹ́, tí èémí kò ní tó mi mọ́. Inú ẹ́sítéètì kan lẹ́bàá Ajah là ń gbé. Ilé wa tura, àmọ́ òfin ibẹ̀ ni pé ọmọ kankan kò gbọdọ̀ dá jáde àfi tí òbí rẹ̀ bá pe àwọn mẹ́gáàdì lórí fóònù. Màmá mi kì í pè wọ́n. Màmá mi yìí kan náà ló ń yan aṣọ tí mo máa wọ̀ àti ọ̀rẹ́ tí mo máa bá rìn, títí dórí iṣẹ́ tí mo máa kọ́ ní yunifásítì. Dókítà yẹ̀ mí wò títí, kò rí àìsàn kankan. Mo gbà pé ṣe ni òun àti màmá mi ń fi nǹkan pamọ́ fún mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rẹ ohùn sílẹ̀ nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ mi ló ń sọ.

Lọ́jọ́ kan, màmá mi pè mí. "Mo ti sọ fún wọn ní géètì. Ìgbàkígbà tó o bá fẹ́ jáde, máa lọ. Kò sẹ́ni tó máa ṣọ́ ẹ."

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Mo yọ́ lọ sí géètì bí olè. Bàbá mẹ́gáàdì ní, "Àǹtí mi, safe journey o," ó tún wá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Mo rìn dé òpópónà Addo, mò ń wẹ̀yìn wò, mo ra bọ̀ọ̀lì, mo pa dà sílé. Èmi ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ńlá, mi ò rí ẹnikẹ́ni! Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣọ̀wọ́n kí n tó jáde, síbẹ̀ àyà mi kò já mọ́. Mímọ̀ pé mo lè lọ ti tó mi.

Ìgbà tí mo bímọ tèmi ni màmá mi tó fẹ̀rín sọ ọ́ pé gbogbo ìgbà tí mo jáde, mẹ́gáàdì kan ń tẹ̀ lé mi, àwọn ló rán an. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Bẹ́ẹ̀ irọ́ yẹn ló wò mí sàn.

Ní báyìí, ọmọbìnrin mi ti ń dàgbà, àyà tirẹ̀ náà ti ń já. Lánàá mo ní kó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí etíkun Eleko ní Sátidé, pé kò sẹ́ni tó máa ṣọ́ ọ. Ó tẹjú mọ́ mi.

"Mọ́mì, ẹ búra."

Mo ti bá awakọ̀ wa sọ̀rọ̀ láàárọ̀ àná pé kó máa tẹ̀ lé wọn. Mi ò lè búra.