Àwọn Tó Ń Rẹ́rìn-ín Nílé Opó

Àwọn ọmọ mi kì í yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní gbogbo tẹlifíṣọ̀n ayé ti di aláwọ̀ mèremère, èmi sì ń wá eré apanilẹ́rìn-ín àtijọ́ kiri, èyí tí kò ní àwọ̀ ju dúdú àti funfun lọ. Wọ́n á béèrè pé kí ló dùn níbẹ̀, màá ní kí wọ́n fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi gan-an ò lè sọ ọ́. Eré náà kì í pa mí lẹ́rìn-ín tó bó ṣe máa ń dà mí lọ́kàn rú, síbẹ̀ ọwọ́ mi kì í gbà á láti pa á.

Ní ìlú Òsí ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nígbà tí bàbá mi ń ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Iná ìjọba kò tíì dé àdúgbò wa, bátìrì mọ́tò la fi ń tan tẹlifíṣọ̀n. Òpó irin gíga kan wà lẹ́yìn ilé tó ń bá wa mú àwòrán láti Ìlọrin, bí atẹ́gùn bá sì ti yí i, gbogbo ojú àwòrán á di yanrìn. Eré òyìnbó kan máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin sísanra kan wà níbẹ̀ tí kò ní ṣe kó má fi nǹkan pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀, àti aládùúgbò kan tí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá mi ló ń túmọ̀ fún un, á túmọ̀, á sì fi tiẹ̀ kún un, débi pé n kò mọ èyí tó jẹ́ ti òyìnbó yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti olùkọ́.

Ohun tó rú mi lójú jù ni ẹ̀rín inú rẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá ti sọ̀rọ̀, ẹ̀rín á bú gbàù bí ìgbà tí ilé ìjọsìn kún lọ́jọ́ ìkórè, a ò sì ní rí ẹnì kankan tó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ẹ̀yìn àpótí tẹlifíṣọ̀n náà títí ó fi sú mi. Bàbá mi ní àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kò sí níbẹ̀, pé wọ́n ti rín in tipẹ́ ní ìlú wọn, wọ́n sì ká ohùn wọn sílẹ̀. N kò gbà. Báwo lèèyàn ṣe máa rẹ́rìn-ín tipẹ́ sí ọ̀rọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́?

Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló pa bàbá mi. Wọ́n fi aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì wọ aṣọ dúdú fún ìyá mi. Nínú ìdílé bàbá mi, opó kì í rẹ́rìn-ín títí yóò fi bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, àlejò rẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín sókè. Bí wọ́n bá gbọ́ ẹ̀rín nílé rẹ̀, wọ́n á ní ikú ọkọ rẹ̀ dùn mọ́ ọn. Ọmọ ìjọ ni gbogbo wa, ìwàásù sì ti mú ọ̀pọ̀ àṣà kúrò lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n kò mú ìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó ká aṣọ kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí n so ó mọ́ bátìrì. Ẹnu yà mí. Ó jókòó, ó fọwọ́ lérán, kò rẹ́rìn-ín rárá. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ń wo ẹnu rẹ̀, a sì gbé ẹ̀rín tiwa mì. Nígbà tí mo fẹ́ túmọ̀ fún un, ó ní kí n dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, inú sì ń bí mi. Kí ni obìnrin yìí ń wò ná?

Àpótí ní tiẹ̀ kò mọ̀ pé à ń ṣọ̀fọ̀. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ojú ọ̀nà, kò sì pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé ìdílé bàbá mi ní Ìlọ́fà pé opó olùkọ́ ń gba àlejò, tọkùnrin tobìnrin, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín àríntàkìtì. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní bó bá jẹ́ òótọ́, àwọn máa gba àwa ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀: kí èmi lọ sí Ìlọrin, kí àbúrò mi lọ sí Ìsọlọ̀-Ọ̀pin. Ìyàwó aládùúgbò wa ló sọ ọ́ sí mi létí. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ń tajà ní Ìlọ́fà, ni wọ́n rán wá wò ó. Ó dé bí eré ti ń lọ lọ́wọ́, kò kí ẹnikẹ́ni, ó dúró sábẹ́ fèrèsé, ó ń tẹ́tí. Bí ẹ̀rín ti bú báyìí, ó ti ilẹ̀kùn wọlé.

“Yèsí ni ó ń rẹ́rìn-ín nínú ulé yìí?”

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó nawọ́ sí àpótí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wo ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó wo yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn, ó dé ilé ìdáná pàápàá, kó tó wá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin sísanra náà káwọ́ lérí, ìyàwó rẹ̀ lejú mọ́ ọn, ẹ̀rín sì tún bú. Ó yíjú sí wa, ó ní àwọn tí òun ń rí kò rẹ́rìn-ín, òun ò sì rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, irú àlejò wo rèé? Ó ní kí èmi ọmọ ilé ìwé ṣàlàyé fún òun. Ohun tí bàbá mi sọ ni mo sọ fún un, bí kò tilẹ̀ yé èmi náà, pé wọ́n ti rín in tipẹ́, wọ́n sì ká a sílẹ̀.

Ó bi mí bóyá àwọn èèyàn náà ṣì wà láàyè. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní ṣé ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti kú níbẹ̀, mo ní bóyá ni. Ó wá bi ìyá mi pé ṣé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ ni.

Ìyá mi ní, “Rárá, Ìyá. Ọkọ mi ló máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọjú sí mi. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

“Ṣé ọ̀n ò ká ti àbúrò mi mọ́ ọn?”

Iwájú àpótí yẹn ni bàbá mi ti máa ń rẹ́rìn-ín, ta ni mo jẹ́ tí màá fi sọ pé wọn ò ká a? Ìyá mi bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tú gèlè orí rẹ̀, ó fi ń nu ojú, àwọn tọ̀hún sì ń rẹ́rìn-ín lọ ní tiwọn. Mo rò pé yóò ní kí n pa á. Ó ní kí n ṣí fèrèsé, kí n sì jẹ́ kó ké sókè sí i. Ó gbé àga rẹ̀ lọ síbi fèrèsé, ó jókòó síbi tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ti máa rí i.

“Bí ọ̀n bá bi mí ní Ìlọ́fà,” ó sọ fún ìyá mi, “èmi ni mò ń rẹ́rìn-ín.”

Bẹ́ẹ̀ ló sì sọ fún wọn. Kò sẹ́ni tó wá kó wa.