Àwọn Tí Wọ́n Kó Lọ Ẹ̀jìgbò

Ìyá wa kan tó ń tajà ní Àbíjàn ti dé sí agboolé wa ní Ìsúndúnrìn kí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù wọn sì ti ń bà mí. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń wo ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, láti òkè délẹ̀. Wọ́n ti ra pọ́tímáńtò tí yóò kó aṣọ sí fún un. Bàbá rẹ̀ kò fepo bọyọ̀: "Bí o bá yege ìdánwò ìwé mẹ́fà, o di ọmọ ilé-ìwé mọ́dà. Bí o ò bá yege, wàá bá ìyá ẹ lọ Àbíjàn, kí o máa bá wọn pọnmọ."

Kíláàsì kan náà la wà. Kò sẹ́ni tó lè ka ìwé Yorùbá bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ìṣirò! Bó bá ti rí ìdá mẹ́ta, ìdá mẹ́rin lójú pátákó, omi á lé sí i lójú.

Lọ́dún yẹn, tí òmìnira ò tíì pẹ́, àwọn ọ̀gá ilé-ìwé Ẹ̀jìgbò, Ara, Masífà àti tiwa ṣèpàdé. Ẹ̀jìgbò ló ní tíṣà tó gbóná nínú ìṣirò. Ní tiwa, ẹni tá a bá rí là ń mú ṣe tíṣà. Wọ́n fẹnu kò pé ní gbogbo Sátidé, kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan kó àwọn ọmọ tó rẹ̀yìn nínú ìṣirò wá sí Ẹ̀jìgbò, kí gbogbo wa lè jọ dọ́gba. Nígbà tí ọ̀gá wa kéde rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú. Mo ní ọpẹ́ o!

Háà, a ò tíì rí nǹkan. Èmi tí mo ń gba ipò kìíní ni ọ̀gá kọ́kọ́ pè, lẹ́yìn náà àwọn tó ń gba ipò kejì, ìkẹta. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síbẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi mọ ìṣirò. Ẹ̀gbọ́n mi ni ò mọ̀ ọ́n."

"Ṣé kí n wá kó òpè lọ síwájú àwọn ará Ẹ̀jìgbò? A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Dìde!"

Ará Ara àti Masífà náà, àwọn olórí pípé wọn ni wọ́n kó wá. Kí tíṣà tó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, a ti ṣe ìṣirò náà tán. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ rẹ̀yìn? Àwọn wo ló wá mọ̀wé lọ́dọ̀ yín?" Àwọn ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sunkún.

Tí mo bá délé, màá kọ ohun tí wọ́n kọ́ wa sórí iyẹ̀pẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. A ò ní tíì dé ìdajì tí ìyá Àbíjàn á ti pariwo, "Alé, alé!", bí wọ́n ṣe ń fi Faransé lé èèyàn ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Wọ́n ti ń rán aṣọ ìrìnàjò fún un. Ojoojúmọ́ ni pọ́tímáńtò yẹn ń kún sí i.

Nígbà tí èsì ìdánwò ìwé mẹ́fà dé, gbogbo àwa tí wọ́n kó lọ la yege. Ọ̀gá pa adìyẹ. Ẹ̀gbọ́n mi fìdí rẹmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ọ̀gá wa ń kọjá, wọ́n yà kí ìyá Àbíjàn. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ká ní mo mọ ìṣirò ni, ṣé ẹ̀ bá mú mi lọ kọ́ ọ?"

 Ọ̀gá ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ́nà.