Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Ọwọ́ Rẹ̀

Pálọ̀ mi ní Igbó Ẹfọ̀n ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin àti bọ́ọ̀dù kan tí kì í dúró dáadáa lára ògiri. Nígbà tí a fi máa kó lọ sí ilé ńlá ní Ajah, mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé kò sí ohun tó ń mú èèyàn fìdí rẹmi tí mi ò mọ̀. Àwọn tíṣà tí mo gbà ló ń kọ́ kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Èmi ti di ọ̀gá tó ń jókòó sí ọ́fíìsì.

Ohun tí mo fi ń yangàn jù ni ẹ̀rọ kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé, á tẹ ìka sí i, orúkọ rẹ̀ á sì jáde lórí kọ̀ǹpútà mi. Mi ò ní sùúrù rárá fún ẹni tó bá ń pa kíláàsì jẹ.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í ṣe ọmọdé. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó sì ti bímọ méjì. Ìkirè ló ti wá, ó ń lẹ táìsì ní sáìtì kan ní Thomas Estate, ó sì fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lòun máa gbìyànjú. Bí kò bá bọ́ sí i, òun á gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwé.

Lópin oṣù kan, mo wo kọ̀ǹpútà, mo rí i pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni orúkọ rẹ̀ jáde. Inú bí mi. Mo wọ kíláàsì, mo ní kó dìde lójú gbogbo wọn.

"Ṣé eré lo bá wá síbí ni?" Èmi tí mo máa ń sọ "ẹ" fún gbogbo àgbàlagbà.

Kò bínú. "Àǹtí, mò ń wá lójoojúmọ́, mà. Ẹ̀rọ yẹn ni kò mọ̀ mí mọ́."

Ó na ọwọ́ sí mi. Nígbà tó forúkọ sílẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé lẹ́yìn ọdún ni, kò tíì padà sídìí iṣẹ́, ìlà ìka rẹ̀ ṣì hàn. Sìmẹ́ǹtì ti wá jẹ gbogbo ìlà orí ìka rẹ̀, wọ́n ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí.

Ọmọbìnrin tó jókòó tì í ní, "Àwọn ló máa ń kọ́kọ́ dé, mà."

Ojú tì mí gan-an. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí, torí irú ẹ̀rọ yẹn ló máa wà lẹ́nu ọ̀nà ìdánwò, ẹni tí ẹ̀rọ náà kò bá sì mọ̀ kò ní wọlé. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Mo ní kó fi sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ kí ìlà ìka rẹ̀ lè hù padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí làwọn ọmọ máa wá jẹ, mà?" Ọ̀gá rẹ̀ ní sáìtì ló ràn wá lọ́wọ́, ó ní kó máa wọn yàrá, kó máa ka táìsì. Mo ra ìbọ̀wọ́ àti òrí fún un. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní ìyàwó tuntun, ó sì ń dá wọn lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, mo dúró lẹ́yìn géètì, mò ń wò ó. Ó tẹ àtàǹpàkò ọ̀tún, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó tẹ ti òsì, ó tún kọ̀ ọ́. Mo bẹ Ọlọ́run, mo ní mi ò ní jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé mi, ìlérí tí mi ò tíì mú ṣẹ. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ń gbìyànjú àwọn ìka tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi kan ìka tó kéré jù ní ọwọ́ òsì. Iná àwọ̀ ewé tàn. Ó yíjú wá mi, ó na ìka kékeré náà sókè kí n lè rí i. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo padà sí Ajah, mo yọ ẹ̀rọ tèmi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà náà, èmi fúnra mi ni mo ń fi ẹnu pe orúkọ ní ìrọ̀lẹ́, màá sì wo ojú ẹni tó bá dáhùn. Mi ò tíì pa orúkọ tirẹ̀ rẹ́ nínú ìwé. Bí mo bá pè é, àwọn ọmọ á jọ dáhùn pé, "Wọ́n ti wọ yunifásítì, mà."