Wọ́n yọ kírósóófà inú sípíkà Dádì mi

Lónìí, mo ní mi ò ní kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún rédíò ṣe l'Ájuwọ̀n, àfi tó bá dá ohun tó yọ padà.

Nínú àwọn ọdún 1970 lọ́hùn-ún ni Dádì ra sípíkà yẹn. Mo gbé e fún bọ̀dá yìí pé kó tún un ṣe, ìgbà tí mo padà débẹ̀, ó ti yọ kírósóófà, pátákó tó ń pín ohùn fún sípíkà ńlá àti kékeré inú ẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí, pátákó yẹn kàn ń jẹ agbára ni. Mo ti so wáyà pọ̀ tààrà. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún!"

"Ṣé mo ní kò pariwo tó ni? Wáyà tó já ni mo ní kẹ́ ẹ fi òjé lẹ̀. Ẹ dá a padà."

Mo fa bẹ́ǹṣì, mo jókòó tì í.

Nígbà tó parí, ó fi rẹ́kọ́ọ̀dù sí i. Gìtá dá dún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dá dún, a tiẹ̀ gbọ́ bí olórin ṣe ń mí. Òun fúnra ẹ̀ ló yí ohùn ẹ̀ wálẹ̀. Ó kàn ń wo páálí kan ní kọ̀rọ̀, tó kún fún kírósóófà àwọn ẹlòmíì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé sípíkà lọ tún ṣe rí, ẹ tú ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Kí lẹ bá níbẹ̀?