Píìnì Lẹ́nu Ìyá Aránṣọ

Kò sí ẹni tó láàánú tó Ìyá Aránṣọ nínú ìjọ wa, kò sì sí ẹni tí àwọn aláìsàn ń sá fún tó o. Pásítọ̀ ní kí a máa bá ara wa gbé ẹrù. Ìyá gbọ́ ọ bí ẹni pé kí a máa wo ẹrù ta ló wúwo jù. Bó bá ti gbọ́ pé ara ẹnì kan kò yá, kò ní í dúró tú téèpù ọrùn rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ onítọ̀hún.

"Ẹsẹ̀ nìyẹn? Tèmi ọjọ́sí ńkọ́, tó wú bí ìrọ̀rí!"

Kí ó tó ṣe àmín, aláìsàn á ti sùn, tàbí kó máa díbọ́n. Ọkọ rẹ̀ tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé, "Ìyàwó mi, bí òjòjò bá ṣe mí, jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí o gbọ́."

Nígbà tí ìyàwó onígbàjámọ̀ ojúlé kejì kú, ìyá lọ, ó tún lọ. Ó ròyìn ikú ìyá rẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti ti ewúrẹ́ kan tó fẹ́ràn. Onígbàjámọ̀ ń wí pé, "Ẹ ṣé, mà," ó ń wolẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò mẹ́nu ba aya rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù, ńṣe ló ń rù. Ẹ̀rù ń bà wá pé àfàìmọ̀ kí a má sin òun náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá, ó fọwọ́ di ìbàdí ṣòkòtò mú.

"Ẹ bá mi dín in kù, mà. Ó ti ń já bọ́ nídìí mi."

Ìyá kó píìnì sẹ́nu bí àwọn aránṣọ ti máa ń ṣe, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè di aṣọ mú. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń yọ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n mú ṣòkòtò. Ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí.

"Òun ló ra ṣòkòtò yìí," ni onígbàjámọ̀ sọ lójijì.

"Mm," ni ìyá wí.

"Èmi ni mo máa ń gẹ irun fún un. Èyí tí mo gẹ̀ kẹ́yìn, Màmá, mi ò ṣe é dáadáa. Oníbàárà ń dúró, mo ń kánjú. Ó ní, 'Kò burú, á hù.'" Ohùn rẹ̀ já. "Kò dúró kó hù."

Ẹ wá wo ojú Ìyá Aránṣọ! Ìtàn irun tirẹ̀, èyí tí wọ́n fi iná jó nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀la, ti dé ọ̀nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé píìnì mì? "Mm," ló tún wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, ó sunkún, ó tún sọ̀rọ̀. Píìnì wá tán lẹ́nu ìyá. Ṣòkòtò ti bá ìdí mu, ìtàn irun ìyá ń kan ilẹ̀kùn ẹnu rẹ̀. Onígbàjámọ̀ nu ojú, ó ní, "Ó tún máa ń…" Ó wo ìyá bóyá kí òun máa bá a lọ.

Ìyá na ọwọ́ sí agolo píìnì rẹ̀, ó kó òmíràn sẹ́nu, bẹ́ẹ̀ kò sí ibi tí yóò fi wọ́n mú mọ́. Ó mi orí sí i pé kó máa wí.

Nígbà tí onígbàjámọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù padà, Ìyá Aránṣọ ń sọ káàkiri ìjọ pé ọ̀rọ̀ ìtùnú òun ló gbé e dìde. Kò sẹ́ni tó já a níyàn. Ọkọ rẹ̀ nìkan, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ píìnì lẹ́nu onígbàjámọ̀, ló lọ ra agolo píìnì kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí òjòjò bá ṣe é.